Kì Í Ṣe Gbogbo Ẹ̀rọ Tí Kò Tàn Ló Ti Kú: Lámèyítọ́ lórí The Digital Dump

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network, tí ibùjókòó wọn wà ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan àti fíìmù kan jáde pọ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n sọ àwọn méjèèjì: The Digital Dump: Exporting Re-use and Abuse to Africa. Jim Puckett ló ṣáájú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Èkó ni wọ́n wá. Wọ́n wọ Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, ọjà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Computer Village, wọ́n dé orí ààtàn, wọ́n sì padà lọ sọ fún aráyé pé kọ̀ǹpútà àlòkù tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ń kó wá fún wa lórúkọ ìrànlọ́wọ́, pàǹtírí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìhà gúúsù Èkìtì ni mo ti ka ìwé yìí, ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti Ìlasà, níbi tí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ń dé lẹ́yìn tí Èkó bá ti ṣa èyí tó wù ú. Kí ẹ̀rọ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta mẹ́rin. Àwọn atúnṣe-ẹ̀rọ, tí gbogbo wa ń pè ní ẹnjiníà, ló kù tí yóò sọ bóyá ó ṣì wúlò. Ojú wọn ni mo fẹ́ fi wo iṣẹ́ náà. Èrò mi ni pé ìwé náà jàre pátápátá lórí ọ̀rọ̀ májèlé àti lórí ìwà àwọn tó ń kó pàǹtírí ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ó yára jù láti pe ẹ̀rọ ní òkú, kò sì bi àwọn tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò léèrè tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ìwé náà wí. Ó ní àwọn tó mọ òwò náà ní Èkó fojú bù ú pé nǹkan bí 500 kọ̀nténà, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ogójì, ló ń gúnlẹ̀ lóṣooṣù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè gba nǹkan bí 800 kọ̀ǹpútà tàbí ojú kọ̀ǹpútà. Ìyẹn jẹ́ 400,000 lóṣù kan. Ó ní nínú ẹrù yìí, èyí tó tó ìdá 75 nínú 100 ni kò ṣeé tà, tí owó àtúnṣe rẹ̀ kò sì lè padà wọlé. Irú èyí ni wọ́n ń dà sórí ààtàn, tí wọ́n sì ń dáná sun. Ó ní orúkọ rere ni wọ́n fi ń bo ọ̀ràn náà: bí ẹrù bá ti ń jẹ́ ohun tí ènìyàn lè tún lò, kò sẹ́ni tí yóò béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Ìwé náà kò bọ́ láti ojú ọ̀run. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ lára wa kò tíì gbàgbé Kókò. Ní 1988, wọ́n rí i pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé láti Ítálì ló wà nínú àgbàlá kan ní ìlú kékeré yẹn, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ náà mú kí ìjọba ológun ṣe òfin lòdì sí ìdọ̀tí olóró lọ́dún náà gan-an. Àdéhùn Basel, tó ń darí bí orílẹ̀-èdè kan ṣe lè kó ìdọ̀tí eléwu ránṣẹ́ sí òmíràn, tẹ̀lé e ní 1989, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1992. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn náà ní 1990, ṣùgbọ́n títí di òní kò tíì sọ ọ́ di òfin nílé. Ẹni tó bá ka The Digital Dump láìmọ ìtàn yìí lè rò pé ìbínú àwọn tó kọ ọ́ pọ̀ jù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò rí i pé ohun tó yẹ kó bí ènìyàn nínú ló bí wọn nínú.

Agbára ìwé yìí àkọ́kọ́ ni pé ó tọ ẹsẹ̀ ẹrù padà sílé. Ọ̀pọ̀ oníròyìn ì bá dé orí ààtàn, ya àwòrán èéfín, kí wọ́n sì máa bá tiwọn lọ. Àwọn wọ̀nyí yí ẹ̀rọ padà, wọ́n ka ìlẹ̀mọ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ àti ọ́fíìsì ìjọba máa ń lẹ̀ mọ́ dúkìá wọn, wọ́n sì fi mọ ẹni tó ni ín kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n tún ra háàdì dísìkì lọ́jà ní Èkó, wọ́n gbé e fún àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Ẹni tí ìlera ọmọ Èkó kò kàn ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ àkáǹtì báńkì tirẹ̀ yóò kàn án, ìwé náà sì mọ bí a ṣe ń bá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Agbára rẹ̀ kejì ni pé ó sọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ gan-an. Ojú kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà, èyí tó tóbi lẹ́yìn bí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ní òjé nínú gíláàsì rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi bo wáyà máa ń tú èéfín olóró jáde bí wọ́n bá dáná sun ún láti yọ kọ́pà inú rẹ̀. Ìwé náà kò fi èyí sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó mú òǹkàwé dé ibi tí iná ti ń jó, lẹ́bàá ilé tí ènìyàn ń gbé. Títí di òní, n kò tíì rí atúnṣe-ẹ̀rọ kan tó lè fi òótọ́ inú jiyàn pé apá yìí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Orí ìdá 75 nínú 100 yẹn ni ìríran ìwé náà ti rẹlẹ̀. Ẹnu àwọn oníṣòwò ni iye náà ti wá. Kò sẹ́ni tó to ẹ̀rọ kalẹ̀ tó sì dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà kò fi èyí pamọ́, ó sọ pé ìfojúbù ni. Ṣùgbọ́n bí iye bá ti jáde nínú ìwé, ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ a máa já bọ́ lójú ọ̀nà. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe ìdá 75 náà bí ohun tí wọ́n kà ní ení, èjì.

Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e sọ ìtàn tó yàtọ̀ díẹ̀. Ní 2011, ọ́fíìsì Àdéhùn Basel fúnra rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde tó kárí Bẹ̀nẹ̀, Côte d'Ivoire, Gánà, Làìbéríà àti Nàìjíríà, tí wọ́n pè ní Where are WEee in Africa? Ó rí i pé láàárín ìdá 50 sí ìdá 85 nínú 100 pàǹtírí ẹ̀rọ tó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ló jẹ́ ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti lò gbó, yálà tuntun ni wọ́n rà tàbí tòkunbọ̀. Ó tún ní àwọn tó ń jẹun nídìí àtúnṣe ẹ̀rọ ní Accra àti Èkó lé ní 30,000. Lẹ́yìn náà, ní 2015 àti 2016, ibùdó Àdéhùn Basel tó wà ní Ìbàdàn àti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dúró sí èbúté Èkó, wọ́n sì yẹ ẹrù wò bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún kan, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn, inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n kó o sí. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ẹ̀rọ náà wò, ó kéré tán ìdá 19 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́.

Ìdá 19 kò sọ ìdá 75 di irọ́. Ọdún mẹ́wàá ló wà láàárín wọn. Láàárín ìgbà yẹn, Nàìjíríà ti dá NESREA, àjọ tó ń mójú tó òfin àyíká, sílẹ̀ ní 2007, ó sì ti ṣe ìlànà lórí ẹ̀rọ iná mànàmáná ní 2011. Ó ṣeé ṣe kí ẹrù ti dára sí i, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwé 2005 yìí gan-an ló mú kí ó dára sí i. Ohun tó kan èmi ni pé ìbéèrè kan náà ló máa ń ṣáájú irú iye báyìí: ṣé ó tàn tàbí kò tàn? Ìbéèrè yìí ni àwọn atúnṣe-ẹ̀rọ mọ̀ pé kò tó.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ká yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Sáfà ni mo fẹ́ mú, kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́. JAMB, àjọ ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní 2013, nígbà tó sì di 2015 gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, gbọ̀ngàn ìdánwò tí kò ní sáfà kò lè ṣiṣẹ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà ń fẹ́ ẹ, láti máa kó èsì ìdánwò àti orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ pamọ́. Tuntun kò ṣeé rà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, tòkunbọ̀ ni wọ́n ń rà.

Sáfà tòkunbọ̀ sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n ṣe é kó lè tò lé ara wọn nínú yàrá tútù tí iná kì í ti í lọ. Fáànù inú rẹ̀ kéré, ariwo rẹ̀ pọ̀, páwà pákì rẹ̀ sì ní ìrísí tirẹ̀ tí kò bá ti kọ̀ǹpútà lásán mu. Bí páwà pákì yẹn bá jó, kò sí irú rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì lè máà sí ní Adó-Èkìtì. Ohun tí ẹnjiníà máa ń ṣe ni pé kó tú bọ́ọ̀dù rẹ̀, kó gbé e sínú kéèsì kọ̀ǹpútà olóròó, kó fi páwà pákì tó wà lọ́jà sí i. Ó ti parí iṣẹ́, ó tẹ bọ́tìnì, kò sí nǹkan kan. Oníbàárà á ní, "Ẹnjiníà, ó ti kú nìyẹn, àbí?"

Ìdáhùn ni pé kò tíì sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí ẹnjiníà tó mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ wò ni ẹsẹ̀ idẹ kéékèèké tó gbé bọ́ọ̀dù náà dúró. Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà lásán tó wọ́pọ̀ jẹ́ mìlímítà 305 sí 244; ti sáfà ńlá lè tó 305 sí 330, ihò nọ́ọ̀tì wọn kò sì bára mu tán. Bí ẹsẹ̀ idẹ kan bá dúró síbi tí bọ́ọ̀dù kò ti ní ihò, yóò fara kan lẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn rẹ̀. Páwà pákì á rí i pé iná ń gba ibi tí kò yẹ, á sì pa ara rẹ̀ kí nǹkan má baà jó. Lójú ẹni tó dúró síwájú rẹ̀, ẹ̀rọ ti kú. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a yọ ẹsẹ̀ idẹ kan ṣoṣo lọ.

Bí kò bá jẹ́ ìyẹn, bọ́tìnì ni yóò wò. Nínú kọ̀ǹpútà lásán, wáyà bọ́tìnì máa ń bọ́ sórí abẹ́rẹ́ méjì lórí bọ́ọ̀dù. Sáfà kò sábà rí bẹ́ẹ̀: okùn pẹrẹsẹ kan ló máa ń kó bọ́tìnì, iná àmì àti nǹkan mìíràn pọ̀ sójú kan, kéèsì tuntun kò sì ní irú okùn bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ kò tíì bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ rárá. Ẹnjiníà á wá ìwé bọ́ọ̀dù náà, á wá abẹ́rẹ́ méjì tó tọ́, á sì fi ẹnu sukudiráfà kan àwọn méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti pè ní òkú lè dìde níbẹ̀.

Ó sì ní ibi tí ìkánjú ti lè pa ẹ̀rọ tó wà láàyè. Láti 1995 tí Intel ti gbé ìlànà ATX jáde ni ẹnu wáyà páwà pákì ti rí bákan náà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1998, fún ọdún mélòó kan, Dell lo ẹnu wáyà tó jọ ti ATX gẹ́lẹ́ nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìtò wáyà inú rẹ̀ yàtọ̀. Ó wọlé, ó bá ihò mu, ṣùgbọ́n ó lè jó bọ́ọ̀dù àti páwà pákì pọ̀. Irú kọ̀ǹpútà ọjọ́ orí yìí wà lára ohun tó ń wọ Èkó nígbà tí wọ́n ń kọ The Digital Dump. Ó tún ku àtẹ̀yípo pupa kékeré tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ páwà pákì ìgbà náà, tí wọ́n fi ń yan fólọ́ọ̀tì 115 tàbí 230. Iná Amẹ́ríkà kò ju 120 lọ, tiwa sì lé ní 200. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà síná kó tó yí àtẹ̀yípo yẹn padà, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ jó o. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ èbúté láàyè. Ìdánwò ló pa á, àwọn tó ń kà á á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkú ló dé.

Nígbà mìíràn, sáfà á tàn, á sì tún kú. Fáànù rẹ̀ ní wáyà kan tó ń sọ fún bọ́ọ̀dù bí fáànù náà ṣe ń yí tó. Bí bọ́ọ̀dù bá ń retí fáànù mẹ́fà, tí kò sì gbọ́ ohùn ju méjì lọ, ó lè kọ̀ láti tẹ̀ síwájú tàbí kó pa ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ooru náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Irin tó ń fa ooru kúrò lórí ọpọlọ sáfà kò sábà ní fáànù tirẹ̀. Ike kan ló ń darí afẹ́fẹ́ láti iwájú kéèsì lọ bá a. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀dù lọ sínú kéèsì mìíràn láìgbé ike yẹn tàbí láìfi fáànù dípò rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ á máa kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì máa rò pé bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́. Àwọn sáfà kan sì wà tó ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí ojú wọn tó mọ́ lẹ́yìn tí iná bá dé, nítorí kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú wọn tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí láti ṣọ́ gbogbo ara. Ẹni tí kò ní sùúrù á ti yọ wáyà kó tó jí.

Ọ̀nà tí àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí ń gbà kò ṣòro láti sọ, ṣíṣe rẹ̀ ló gba ìfarabalẹ̀. Wọ́n á yọ bọ́ọ̀dù kúrò nínú kéèsì, wọ́n á gbé e lé orí pákó gbígbẹ. Wọ́n á fi ọpọlọ kan àti RAM kan ṣoṣo síbẹ̀, láìsí háàdì dísìkì. Wọ́n á dán páwà pákì wò fúnra rẹ̀, wáyà elésè àlùkò ní fólọ́ọ̀tì márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì, wáyà aláwọ̀ ewé àti dúdú kan ara wọn kó lè ṣiṣẹ́. Wọ́n á rí i pé wáyà kejì tó ń gbé iná lọ bá ọpọlọ, èyí tó lẹ́nu mẹ́jọ, ti wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi nǹkan kún un, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá kú nígbà tí wọ́n fi RAM kejì sí i, RAM ni wọ́n á bá wí. RAM sáfà àti ti kọ̀ǹpútà lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé inú bọ́ọ̀dù kan náà. Bí ó bá kú nígbà tí wọ́n dá a padà sínú kéèsì, kéèsì ló ni ẹ̀bi.

Mo fa ọ̀rọ̀ gùn báyìí nítorí pé ibí yìí gan-an ni The Digital Dump ti tètè kọjá. Kí a má parọ́ mọ́ ọn: ìwé náà jẹ́wọ́ pé ọjà àtúnṣe tó lágbára wà ní Èkó, ó sì yìn ín. Ó kàn jẹ́ pé ó yìn ín tán, ó kọjá lọ sórí ààtàn. Kò jókòó ti ọ̀gá kan àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ kan, kó wo iye ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá ní òkú tó sì padà lọ sílé ní ààyè. Kò béèrè bí àwọn tó sọ ìdá 75 ṣe dán ẹ̀rọ wò. Bó bá béèrè, iye náà ì bá pín sí mẹ́ta: èyí tó ṣiṣẹ́, èyí tó nílò ìmọ̀ àti ẹ̀yà ara, àti èyí tó ti kú pátápátá. Ẹ̀kẹta nìkan ni pàǹtírí.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Ìwé náà fara balẹ̀ láti sọ pé àtúnṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà kò lè mówó wọlé, ọ̀rọ̀ gidi sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mówó wọlé kì í dúró lójú kan. Ní 2005, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 130 náírà lọ. Lẹ́yìn tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kọjá 1,500 náírà kí oṣù kejì 2024 tó parí. Bọ́ọ̀dù tí ẹnjiníà ì bá jù dànù nígbà náà, yóò jókòó tì í ní ọ̀sẹ̀ kan lónìí. Bí òwò bá yí padà, ohun tí a ń pè ní òkú náà á yí padà, ìwé tó bá sì fẹ́ ka òkú gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ tó kà á àti ẹni tó kà á.

Síbẹ̀ n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi pa ìwé náà lẹ́nu. Àtúnṣe kì í pa ìdọ̀tí run. Sáfà tí a ṣí láti kéèsì kan sí òmíràn, tó jí dìde, tó sì ń ṣiṣẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́, fi kéèsì òfìfo sílẹ̀, ó fi páwà pákì tó jó sílẹ̀, ó fi fáànù tó dákẹ́, kàpásítọ̀ tó wú àti bátìrì bọ́ọ̀dù sílẹ̀. Níbo ni wọ́n lọ? Àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù á wá kó irin. Èyí tí wọn kò kó á wọ ààtàn, wáyà á sì wọ inú iná nítorí kọ́pà. Láti 2018 ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n sì ń tà á ní Nàìjíríà ti ní àjọ EPRON, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé àwọn tó mú ẹ̀rọ wọ ọjà ń san owó kíkó rẹ̀ kúrò. Bí àjọ bẹ́ẹ̀ kò bá dé àwọn ìlú kékeré, ohun tí The Digital Dump rí ní Èkó ni a ó máa rí ní Ìlasà, díẹ̀díẹ̀, láìsí oníròyìn tí yóò wá ya àwòrán rẹ̀. Ẹnjiníà tó bá ń fi ìmọ̀ rẹ̀ yangàn gbọ́dọ̀ ka apá májèlé ìwé yìí dáadáa, kó sì kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé wáyà kò ṣeé sun.

Àríyànjiyàn tí ìwé náà dá sílẹ̀ ṣì ń lọ nínú òfin. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Basel gba ìlànà kan fún ìgbà díẹ̀ lórí bí a ṣe lè mọ ẹ̀rọ àlòkù yàtọ̀ sí pàǹtírí. Ìlànà náà gbà pé ẹ̀rọ tí a ń kó lọ fún àtúnṣe lè máà jẹ́ pàǹtírí bí ẹ̀rí rẹ̀ bá wà. Basel Action Network bínú sí apá yìí. Wọ́n ní ihò tí àwọn oníjìbìtì á gbà wọlé ni. Ẹ̀rù tó bà wọ́n kò ṣàì nídìí, nítorí ohun tí wọ́n rí ní 2005 ni wọ́n ń rántí. Ní 2022, àwọn orílẹ̀-èdè náà tún gbà pé kí gbogbo pàǹtírí ẹ̀rọ, olóró àti èyí tí kì í ṣe olóró, máa gba àṣẹ orílẹ̀-èdè tó ń lọ kó tó wọ ọkọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025 ni èyí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gánà àti Switzerland ló dá àbá náà. Inú mi dùn pé ará ilẹ̀ Áfíríkà wà lára àwọn tó kọ òfin náà, kì í ṣe àwọn tí òfin ń wá bá nìkan.

Ohun tó kù ni pé kí ẹni tó ń yẹ ẹrù wò ní èbúté mọ iṣẹ́ tí ẹnjiníà ní Ìkẹ́rẹ́ mọ̀. Ìwé ẹ̀rí tó kàn sọ pé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́ kò lè ya ọ̀dàlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára olóòótọ́. Ó yẹ kó sọ iná tí wọ́n fi dán an wò, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà ìdánwò, kó sì sọ bí ó bá kú, ibi tó ti kú. Ẹni tó ń kó pàǹtírí ránṣẹ́ kò ní lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí kò dán ohunkóhun wò. Ẹni tó ń kó ẹ̀rọ fún àtúnṣe á lè kọ ọ́, nítorí pé òun náà ti ṣí i wò.

Ìdájọ́ mi lórí The Digital Dump ni pé iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá wo fíìmù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rí rẹ̀ lórí àwọn tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ dúró. Ẹ̀rí rẹ̀ lórí èéfín dúró. Iye rẹ̀ lórí òkú ẹ̀rọ kò dúró tó, nítorí ó gba ọ̀rọ̀ ọjà dípò ọ̀rọ̀ ibi àtúnṣe. Ìwé tó kàn láti kọ lórí ọ̀ràn yìí, àwa ló yẹ ká kọ ọ́, láti ibi tí wọ́n ti ń ṣí kéèsì, kí iye rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ọwọ́ tó mọṣẹ́ ti dán wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.